Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn: ẹ wá sọ ìrírí yín nídìí géèmù

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Ìgbógbó

Mo kí ọ̀ta tó mọ ayò ta, mo kí ọ̀pẹ tí kò tíì mọ̀ ọ́n ta. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ tèmi, kí ẹ̀yin náà tó sọ tiyín.

Bàbá tó bí ìyàwó mi ló kọ́ mi ní ayò dáadáa. Ọdún tí mo wá tọrọ ọmọ wọn ní Ìgbógbó, Ìkòròdú níbí, wọn kò bi mí ní iye tí mo ń gbà lóṣù. Wọ́n gbé ọpọ́n sílẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò, wọ́n ní kí n jókòó. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n pa mí láyò lọ́jọ́ náà, lójú gbogbo ẹbí. Láti ìgbà yẹn ni géèmù ti wọ̀ mí lára: ayò, dráfù, lúdò, wọ́ọ̀tì, PlayStation, kò sí èyí tí n kì í ta.

Ní ọdún méjì sẹ́yìn, orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í yọ Bàbá lẹ́nu, wọn kò lè rìn dé ìdí máńgòrò mọ́. Mo bá wa ayò kan sórí fóònù, mo gbé e fún wọn. Àwòrán rẹ̀ dán, ó rẹwà. Bàbá fi ìka tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n pa kọ̀ǹpútà láyò, wọ́n sì dá fóònù padà fún mi.

Mo ní, "Bàbá, ẹ mà pa á!"

Wọ́n ní, "Mo pa á. Ta ló rí i?"

Ọ̀rọ̀ yẹn kò jẹ́ kí n sùn. Ẹni méjì ló ń ta ayò, ṣùgbọ́n ènìyàn mẹ́wàá ló ń wò ó, àwọn mẹ́wàá yẹn sì wà lára ayò náà. Àwọn ló ń ki ọ̀ta, àwọn ló ń fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ló máa ń rántí bí ẹ ṣe ta á ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹni tó ṣe áàpù yẹn gbé ọpọ́n, ó gbé ọmọ ayò, ó fi òǹwòran sílẹ̀ lẹ́yìn.

Èmi àti ọmọ mi obìnrin, tó wà ní JSS3 nígbà náà, pinnu pé a ó ṣe tiwa. Scratch la lò, irinṣẹ́ orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń ṣe géèmù, èyí tí àwọn ará MIT, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, gbé jáde ní 2007. Ọ̀fẹ́ ni. Ṣe lo máa ń to àṣẹ lé ara wọn bíi búlọ́ọ̀kù, o kò ní tẹ kóòdù kankan. Mo rò pé òfin ayò ò ní gbà wá ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ilé 12, mẹ́fà níwájú ẹnì kọ̀ọ̀kan. Ọmọ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan, àpapọ̀ 48. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá sọ ilé ẹnìkejì di méjì tàbí mẹ́ta, o jẹ ẹ́. Ó parí.

Kò parí o. Ènìyàn lè sọ fún ènìyàn pé "o ṣáà mọ bó ṣe máa ń rí". Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ ọ́n. Ibi tí a bá ti dákẹ́, ibẹ̀ ni ó máa dúró sí. A bá kó ìwé àti bírò, a lọ jókòó ti Bàbá bí ẹni ń lọ ilé-kéwú.

Ìbéèrè kìíní: bí ẹnì kan bá kó odù jọ, tí ọmọ inú ilé kan tó 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tó wá tà á yí ọpọ́n po títí dé ibi tó ti kó o, ṣé a ó ju ọ̀kan síbẹ̀? Bàbá ní rárá, ẹ fò ó, ilé tí o ti kó ọmọ kò gbọdọ̀ ní nǹkan kan nínú títí o fi máa ta ọmọ ọwọ́ rẹ tán. Ìkejì: bí ọmọ bá tán pátápátá nílé ẹnìkejì ń kọ́? Bàbá ní a kì í fi ebi pa ẹni tí a ń bá tayò. Bí ọ̀nà bá wà láti ta ọmọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, dandan ni kí o tà á dé ibẹ̀. Ọmọ mi kọ ìyẹn sílẹ̀, ó sì fa ìlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì.

Ìkẹta ló dá wàhálà sílẹ̀. Bí ọmọ tí mo ta bá sọ gbogbo ilé ẹnìkejì di méjì-méjì àti mẹ́ta-mẹ́ta, ṣé mo lè jẹ gbogbo rẹ̀ kúrò nílẹ̀? Bàbá ní rárá. Ọ̀rẹ́ wọn kan láti Ìjẹdé ní kí ló dé, ayò ni, ẹ jẹ́ kó jẹ ẹ́! Wọ́n fà á títí tí wọ́n fi pe ìrun Mọ̀gárìbù. Ẹni tó bá ṣí géèmù wa báyìí, ohun tó máa kọ́kọ́ rí ni bọ́tìnì méjì: "Ti Bàbá" àti "Ti Ìjẹdé".

Lẹ́yìn náà la wá mú òǹwòran wọlé. Fóònù la fi gba ohùn àwọn àgbàlagbà ìdí máńgòrò sílẹ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀, a ní láti padà lọ lẹ́yìn Àsùbáà kí ariwo tó bẹ̀rẹ̀. Mo ní a ò ní maikirofóònù gidi. Ọmọ mi ní àwọn ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n ń pè ní Ikorodu Bois kò ní kámẹ́rà gidi nígbà tí wọ́n fi bárò àti ìkòkò ilé ṣe àwòkọ fíìmù Hollywood, kó tó di pé Netflix fi irinṣẹ́ ránṣẹ́ sí wọn ní 2020. Mo dákẹ́.

Nígbà tí Bàbá ta tiwa, tí wọ́n jẹ ilé mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, ohùn ọ̀rẹ́ wọn láti Ìjẹdé bú jáde nínú fóònù: "Ọ̀ta ń jẹ́, ọ̀pẹ ò gbọdọ̀ fọhùn!" Bàbá dá a lóhùn. Wọ́n bú u, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún tà á. Èmi gbà tọkàntọkàn pé géèmù tí kò fi àyè sílẹ̀ fún òǹwòran, ààbọ̀ géèmù ni.

Ọmọ Sábó

Ẹ kú iṣẹ́ sà. Òótọ́ lẹ sọ. PlayStation 2 ti jáde láti 2000, ṣùgbọ́n òun náà ló kún géèmù sẹ́ńtà lẹ́yìn ọjà Sábó nígbà tí mo wà ní sẹ́kọ́ńdìrì. PES, géèmù bọ́ọ̀lù, la máa ń gbá. Bó o bá mú Inter Milan nítorí ẹsẹ̀ òsì Adriano, gbogbo bẹ́ǹṣì á ní ẹ̀rù ló ń bà ọ́. Ẹni tó bá borí ń jókòó síbẹ̀, ẹni tó bá jìyà ń gbé páàdì sílẹ̀. Bí epo bá tán nínú jẹnẹrétọ̀ nígbà tí o ń fi góòlù méjì lé iwájú, àwọn tó wà lórí bẹ́ǹṣì ni ẹlẹ́rìí rẹ.

EA FC ni mo ń gbá nílé báyìí, èyí tó ń jẹ́ FIFA kó tó yí orúkọ padà ní 2023. Ẹni tí n kò mọ̀, tó wà ní ìlú tí n kò dé rí, ni mò ń bá gbá a. Mo fi márùn-ún lu ẹnì kan ní Sátidé, mo wẹ̀yìn, kọ́tìnì ni mo rí.

Ìyá Ìbejì, Májídùn

Bàbá Ọlọ́pọ́n, ẹ má bínú, n kò fara mọ́ ọ̀rọ̀ yín tán.

Kẹ́hìndé mi máa ń kólòlò. Ẹ sì mọ wọ́ọ̀tì: o gbọ́dọ̀ sọ pé "láàsì káàdì", o gbọ́dọ̀ sọ ohun tí o fẹ́ bí o bá ju 20 sílẹ̀. Kí ẹnu ọmọ mi tó là, wọ́n á ti ní kó lọ mú káàdì. Àwọn òǹwòran tí ẹ ń yìn yìí á máa sín in jẹ. Ọmọ náà fi géèmù sílẹ̀, tó bá rí wọn níbi tí wọ́n ti ń ta á, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ.

Ní oṣù kẹrin 2024, Túndé Ọ̀nàkọ̀yà ta ṣẹ́ẹ̀sì fún 60 wákàtí ní Times Square, New York. Ìkòròdú níbí ló dàgbà sí, ṣọ́ọ̀bù agẹrun ló ti kọ́kọ́ mọ ṣẹ́ẹ̀sì, Májídùn wa sì wà lára ibi tí Chess in Slums, tó dá sílẹ̀ ní 2018, ti kọ́ ọmọdé. Kẹ́hìndé gba fóònù mi, ó wò ó títí bátìrì fi kú. Lọ́jọ́ kejì ó kọ ọ́ sínú ìwé fún mi pé òun fẹ́ ṣẹ́ẹ̀sì.

Mo ra oníke kan fún un. Nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, bí wọ́n bá ń ta á bó ṣe yẹ, ẹnikẹ́ni kì í sọ̀rọ̀. Ọwọ́ ló ń sọ ọ́. Ìgbà tó kọ́kọ́ borí ọmọkùnrin kan tó fi kíláàsì mẹ́ta jù ú lọ, ọmọ náà kàn na ọwọ́ sí i, wọ́n bọ ara wọn lọ́wọ́. Kò sí ariwo. Nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, ọmọ mi kì í kólòlò.

Bàbá Ọlọ́pọ́n, Ìgbógbó

Ìyá Ìbejì, ẹ ṣeun. Mo ka ọ̀rọ̀ yín sókè nílé. Kò sẹ́ni tó fọhùn. Ọmọ mi dìde, ó gbé kọ̀ǹpútà, kí n tó jẹ ẹ̀bà mi tán bọ́tìnì kẹta ti wà níbẹ̀. Ó ya ẹnu tí wọ́n fi ìka dí sí i lójú. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, gbogbo ohùn á dákẹ́, kìkì ìró ọmọ ayò lo máa gbọ́ bó ṣe ń bọ́ sílé, pó, pó, pó.

Bàbá ní kí n sọ fún Kẹ́hìndé pé ọpọ́n gidi wà nílẹ̀ ní Ìgbógbó, kó wá lọ́jọ́ Àìkú. Wọ́n ní bí àwọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀ta, àwọn ò ní fọhùn.