Iloilo City: Jaro, La Paz tàbí Mandurriao, èwo ni kí n gbé?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun:
Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi. Iloilo City ní Philippines ni mo fẹ́ bi yín léèrè. Central Philippine University ní Jaro ni mo fẹ́ lọ kàwé, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló sì kù kí n gbéra. Yàrá kan tó ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti ibi ìdáná tirẹ̀ ni mò ń wá. Mi ò ní ọkọ̀, owó ilé mi ò sì gbọdọ̀ kọjá 8,000 pẹ́sò lóṣù. Gbogbo ìpolówó tí mò ń rí ló ń pe orúkọ: Jaro, La Paz, Mandurriao, Molo, Villa, wọ́n wá dà bí ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú mi. Ọ̀kan wà tó ní Tabuc Suba lòun wà, ìṣẹ́jú méjì sí ibi tí wọ́n ti ń wọ jeepney, ìyẹn ọkọ̀ èrò wọn. Fọ́tò rẹ̀ dára gan-an, àmọ́ onílé ní kí n tètè fi owó oṣù mẹ́ta ránṣẹ́ kí ẹlòmíràn má baà gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Mùsùlùmí ni mí, torí náà ọ̀rọ̀ oúnjẹ kàn mí. Ẹ jọ̀wọ́, ibo ni kí n mú, ibo ni kí n sá fún?

Alága Ọ̀nà:
Àbúrò, dáwọ́ dúró lórí owó yẹn ná. Tabuc Suba méjì ló wà ní Iloilo, ọ̀kan ní Jaro, ọ̀kan ní La Paz. "Òdìkejì odò" ni ìtumọ̀ rẹ̀ lédè Hiligaynon tí wọ́n ń sọ níbẹ̀, ibi tí odò bá sì ti pọ̀, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ẹyọ kan. San Jose wà ní City Proper, ó wà ní Jaro, ó tún wà ní Arevalo. San Pedro wà ní Jaro, òmíràn wà ní Molo. Barangay ni wọ́n ń pe àwọn àdúgbò kéékèèké tó wà lábẹ́ agbègbè. Àdírẹ́sì tó bá dárúkọ barangay láìdárúkọ agbègbè, àbọ̀ àdírẹ́sì ni. Ohun tí wàá kọ́kọ́ bi onílé náà nìyẹn.

Bí wọ́n ṣe dà bí ìlú ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ lójú rẹ, bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1937 ni wọ́n kó Molo, La Paz, Mandurriao àti Arevalo mọ́ Iloilo, Jaro ò sì wọlé àfi ní 1941. Ìdí nìyẹn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn fi ní gbàgede tirẹ̀ tí wọ́n ń pè ní plaza, ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tirẹ̀ àti ọjà tirẹ̀. Agbègbè méje ló wà lónìí: City Proper, Jaro, La Paz, Lapuz, Mandurriao, Molo àti Arevalo, tí àwọn ará ibẹ̀ ń pè ní Villa. Barangay 180 ló pín sábẹ́ wọn. Ènìyàn 457,626 ni ìkànìyàn ọdún 2020 kà, tí o bá pín in, barangay kan ò ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún méjì ààbọ̀ ènìyàn lọ. Torí náà, má béèrè pé ṣé Jaro dáa. Jaro tóbi ju ìbéèrè yẹn lọ. Barangay wo ni, òpópónà wo ni, ohun tí wàá máa béèrè nìyẹn.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀: wọ́n máa ń kọ ọ̀nà tí jeepney ń gbà sára rẹ̀. Èyí tí wọ́n bá kọ Jaro CPU sí ni tìrẹ, ilé-ìwé rẹ ni CPU yẹn. Ẹ̀kọ́ mi kò ju èyí lọ: gbé ibi tí jeepney kan ṣoṣo máa gbé ọ dé ilé-ìwé. Tó bá di méjì, owó méjì ni, ìdúró ẹ̀ẹ̀mejì nínú òjò sì ni. Tí o bá wọlé, na owó sí ẹni tó jókòó tì ọ́, kí o ní "bayad, palihog," wọ́n á máa gbà á látọwọ́ dé ọwọ́ títí á fi dé ọ̀dọ̀ awakọ̀, ṣéńjì rẹ á sì gba ọ̀nà kan náà padà. Tí o bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, "lugar lang" ni kí o sọ, kí o sì sọ ọ́ sókè. Àgbà ọkùnrin ni Manong, àgbà obìnrin ni Manang. Má pe awakọ̀ lásán.

Ẹni Etí Òkun:
Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ò dámọ̀ràn Villa? Atẹ́gùn òkun ń fẹ́ síbẹ̀, ìdákẹ́jẹ́ wà, ẹja òun ìsán pọ̀ létí òkun. Owó ilé ibẹ̀ ò le bíi ti Mandurriao. Èmi ò rí ìdí tí ènìyàn á fi lọ há ara rẹ̀ mọ́ àárín ìlú.

Alága Ọ̀nà:
Villa dára fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Villa. Ìpẹ̀kun ìwọ̀-oòrùn ìlú ni Arevalo wà, Jaro sì wà lápá àríwá. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ní kíláàsì aago méje àárọ̀ á la gbogbo ìlú kọjá lójoojúmọ́. Ibi tí Villa ti wúlò fún un ni tó bá ń lọ sí Antique tàbí Miagao, torí gareji Mohon tí ọkọ̀ ọ̀nà yẹn ti ń gbéra wà níbẹ̀. Bọ́ọ̀sì tó ń lọ sí Roxas, Kalibo àti Caticlan, Tagbak ni wọ́n ti ń gbéra, ní Jaro ni ìyẹn.

Bàbá Mítà:
Ẹ jẹ́ ká sọ ọ̀rọ̀ omi, torí òun ló ń lé ènìyàn jáde nílé níbẹ̀ ju olè lọ.

Ní June 21, 2008, ìjì tí àwọn ará Philippines ń pè ní Frank rọ òjò sórí òkè, odò sì ya wọ Jaro, La Paz àti Mandurriao pẹ̀lú ẹrẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n parí ọ̀nà omi ńlá tó ń darí omi odò Jaro lọ sínú òkun, ó sì ṣèrànwọ́. Àmọ́ àgbàrá òpópónà ò kúrò níbẹ̀. Ohun tó ń fà á ni pé ẹsẹ̀ òkun ni èyí tí wọ́n ń pè ní Iloilo River, ó ń kún, ó ń fà pẹ̀lú òkun. Tí òjò ńlá bá rọ̀ lásìkò tí òkun kún, gọ́tà ò ríbi da omi sí, omi á sì jókòó sí òpópónà títí òkun á fi fà. Torí náà, òpópónà méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn lè yàtọ̀: ọ̀kan gbẹ, èkejì wà nínú omi dé orókùn.

Bí wàá ṣe yẹ ilé wò nìyí. Dúró lójú títì, kí o wo ilẹ̀ yàrá náà. Tí títì bá ga ju ilẹ̀ yàrá lọ, fi í sílẹ̀. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá tún títì ṣe ni wọ́n ń da kọ́ńkéré lé èyí tó wà nílẹ̀, àwọn ilé àtijọ́ á wá dà bí ẹni tó wà nínú abọ́. Wo ara ògiri lẹ́yìn ìlẹ̀kùn àti lẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, ibi tí wọ́n kì í sábà kùn dáadáa. Tí o bá rí ìlà aláwọ̀ ilẹ̀ tó lọ gbọọrọ, ibi tí omi dé nìyẹn. Wo ẹsẹ̀ fíríìjì aládùúgbò: tó bá wà lórí búlọ́ọ̀kù, má bi í léèrè mọ́. Má bi onílé pé ṣé omi ń wọlé. Lọ sí ìsọ̀ kékeré tó wà lórígun, tí wọ́n ń pè ní sari-sari, ra omi tútù kan, kí o wá ní: "Manang, nagabaha diri?" Ṣé omi máa ń yalé níbí? Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni: "Asta diin ang tubig?" Ibo ni omi ń dé? Ó máa fi ọwọ́ kan ara rẹ̀ ní ibi tó ń dé. Ọrùn ẹsẹ̀, ènìyàn lè fara dà á. Itan, kó o máa lọ.

Ẹni Etí Òkun, atẹ́gùn tí ẹ ń yìn yẹn náà ló ń fẹ́ habagat wá, ìyẹn ẹ̀fúùfù gúúsù ìwọ̀-oòrùn, láti June títí dé nǹkan bí October. Etí òkun Molo àti Villa ló kọjú sí i. Àwọn barangay bíi Calaparan àti Baluarte, ìgbì lè fẹsẹ̀ tẹ ilé tó sún mọ́ omi jù.

Ẹni Etí Òkun:
Mi ò ní kí ó gbé orí iyanrìn o, Bàbá. Àmọ́ mo gbà, ọ̀nà jìn sí Jaro.

Ìyá Ìdáná:
Oúnjẹ ló kàn mí. Àbúrò, má jẹ́ kí orúkọ tàn ọ́. Batchoy tí La Paz fi lókìkí, ọbẹ̀ ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni látòkè délẹ̀: egungun rẹ̀ ni wọ́n fi ṣe omi ọbẹ̀, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ wà nínú rẹ̀, awọ rẹ̀ tí wọ́n din ni wọ́n fọ́ sójú rẹ̀. Kí wọ́n kàn yọ ẹran kúrò ò tó. Pancit molo ti agbègbè Molo náà, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n sábà ń lọ̀ sínú rẹ̀. Búrẹ́dì pàápàá, àwọn kan ń fi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ po ìyẹ̀fun rẹ̀. "May baboy ini?" ni kí o máa béèrè, ìyẹn ni pé ṣé ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú èyí? Adìyẹ inasal, tí wọ́n fi ọtí kíkan, ewé tíì àti ọsàn kékeré kan tí wọ́n ń pè ní calamansi pa lára kí wọ́n tó sun ún, kò ní ẹlẹ́dẹ̀ nínú, àmọ́ wo orí ààrò bóyá òun àti ẹlẹ́dẹ̀ ni wọ́n jọ ń sun. Ìdí tí ibi ìdáná tìrẹ fi ṣe pàtàkì nìyẹn, má gba ilé tí wọ́n ti ń pín ìkòkò.

Sún mọ́ ọjà. Jaro ní ọjà ńlá tirẹ̀, La Paz náà ní tirẹ̀, àárọ̀ kùtù ni ẹja ń tutù. Ohun tí wàá mọ̀ níbẹ̀ ju bí o ṣe rò lọ: balinghoy ni ẹ̀gẹ́ wa. Kadyos, èyí tí wọ́n ń fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ àti langka (èso jackfruit) sè, òtìlí ni! Rà á ní gbígbẹ, rẹ ẹ́ mọ́jú, sè é bí ẹ̀wà, ata àti àlùbọ́sà ló kù. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ saba kúrú, ó sì nígun, àmọ́ tí o bá rí èyí tó ti pọ́n díẹ̀, dídín rẹ̀ á tẹ́ ọ lọ́rùn. Ilá wà, ewé malunggay, tí í ṣe mọ̀ríńgà, wà káàkiri. Epo pupa ni kí o dì sínú ẹrù, kí o fi ọ̀rá wé e lẹ́ẹ̀mẹta.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun:
Ẹ ṣeun gan-an, mo dúpẹ́. Òtìlí ní Philippines! Onílé náà ti dáhùn, Tabuc Suba ti Jaro ni. 7,500 pẹ́sò lóṣù. Ó ní owó oṣù kan ṣáájú, oṣù méjì fún dípọ́síìtì, iná mànàmáná lọ́tọ̀ nípasẹ̀ mítà kékeré. Ṣé òótọ́ ló ń sọ àbí ó ń rẹ́ mi jẹ? Àwọn kan tún ń sọ fún mi pé kí n máa lọ sí Mandurriao níbi tí ohun gbogbo wà.

Bàbá Mítà:
Oṣù kan àti méjì yẹn ò burú, ibi tí òfin fi mọ nìyẹn. Òfin 9653 ti ọdún 2009 sọ pé fún ilé tí owó rẹ̀ ò ju 10,000 pẹ́sò lọ ní ìlú ńlá bí Iloilo, onílé ò gbọdọ̀ gbà ju oṣù kan ṣáájú àti dípọ́síìtì oṣù méjì lọ. Ó gbọ́dọ̀ fi dípọ́síìtì náà sí báǹkì títí wàá fi kó jáde, kó sì dá a padà tèlé-tèlé, àyàfi tí o bá jẹ gbèsè owó ilé, omi, iná, tàbí tí o ba nǹkan jẹ́. Kò sí pé o ń san ọdún kan tàbí méjì lẹ́ẹ̀kan bíi ti Èkó. Ohun tó burú ni kí o san án láìtíì rí ilé.

Mítà kékeré: ní kó fi ìwé owó iná tó gbà gbẹ̀yìn látọ̀dọ̀ MORE Power, ilé-iṣẹ́ mànàmáná ìlú náà, hàn ọ́. Fi iye kilowatt-hour pín àpapọ̀ owó. Ká sọ pé 2,400 pẹ́sò ni fún 200, pẹ́sò 12 ni ẹyọ kan. Tó bá fẹ́ gba 18 lọ́wọ́ rẹ, èrè ló ń jẹ. Kí ẹ kọ iye náà sínú ìwé àdéhùn, kí o sì ya fọ́tò nọ́ńbà mítà lọ́jọ́ tí o bá wọlé. Volt 220 ni iná wọn, ó bá tiwa mu, àmọ́ sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́sẹ̀ méjì pẹlẹbẹ ni. Adápítà méjì tó, ìyókù rà á níbẹ̀.

Omi ńkọ́? Ṣí ẹ̀rọ omi ní nǹkan bí aago mẹ́fà àárọ̀, nígbà tí gbogbo ènìyàn ń wẹ̀, kí o wo bó ṣe ń dà. Omi mímu, wọ́n ń gbé e wá sílé nínú kẹ́ẹ̀gì gálọ́ọ̀nù márùn-ún.

Alága Ọ̀nà:
Mandurriao: pápákọ̀ òfuurufú àtijọ́ ló wà níbẹ̀ títí di 2007, kí wọ́n tó gbé e lọ sí Cabatuan òun Santa Barbara, nǹkan bíi kìlómítà 19 sí ìlú. Orí ilẹ̀ àtijọ́ yẹn ni wọ́n kọ́ Iloilo Business Park lé. Ilé gíga, ọ́fíìsì tó ń ṣiṣẹ́ mọ́jú àti ilé oúnjẹ ló kún ibẹ̀, owó ilé ibẹ̀ sì ń tẹ̀lé owó oṣù àwọn tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. 8,000 rẹ á sọ̀rọ̀ sókè ní Jaro, á sì sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ ní Mandurriao. La Paz ni kó jẹ́ ìkejì tó o máa wò, ó bá Jaro pààlà. City Proper sún mọ́ òfíìsì àti ọjà Calle Real, àmọ́ ariwo pọ̀. Lapuz, ẹ̀gbẹ́ èbúté ni, kò bá ọ̀nà rẹ mu.

Ohun tí mo máa ṣe ni pé máa gba yàrá ọlọ́jọ́ méje ní ìtòsí plaza Jaro, níbi tí ilé agogo àtijọ́ dá dúró sí, tí ṣọ́ọ̀ṣì wà ní òdìkejì títì. Láti ibẹ̀ wo ilé mẹ́rin-márùn-ún ní ẹsẹ̀, wo Tabuc Suba náà lẹ́yìn òjò. Tó bá jẹ́ ìparí January lo máa dé, mọ̀ pé ọdún Dinagyang máa ń di ọ̀nà City Proper ní Sunday kẹrin oṣù náà, ọdún Candelaria sì ń kún Jaro ní February 2, jeepney á máa yà. Má kó ẹrù lọ́jọ́ méjèèjì yẹn.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun:
Mo ti kọ̀wé sí onílé pé màá wá wò ó fúnra mi. Ó ní kò burú, kí n ṣáà pe òun tí mo bá dé plaza.