Ṣé ẹni tó ń fọ̀pá rìn lè dé adágún Ao-numa ní Jàpáánù?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ ilẹ̀ Jàpáánù, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Mo fẹ́ mú màmá mi lọ sí Goshikinuma ní Fukushima lóṣù kẹwàá, nígbà tí ewé igi bá ń pọ́n. Àwọn adágún tí òkè Bandai dá sílẹ̀ nígbà tó bú gbàmù lọ́dún 1888 ni. Èròjà inú ilẹ̀ ló jẹ́ kí àwọ̀ wọn yàtọ̀: ọ̀kan búlúù, òmíràn àwọ̀ ewé, etí òmíràn sì pọ́n bí irin tó dípẹtà.

Orúnkún ń yọ màmá lẹ́nu, ọ̀pá ni wọ́n fi ń rìn. Ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba àárín àwọn adágún náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 4, wọn ò lè rìn ín tán. Adágún Bishamon-numa kò ṣòro, ibi ìgbọ́kọ̀sí ò jìnnà sí i. Ao-numa ni wàhálà, òun gan-an ló sì wà lójú fóònù màmá, tí wọ́n ń fi han gbogbo ẹni tó bá wọlé! Ìpẹ̀kun kejì ló wà, lápá ibùdókọ̀ Urabandai Kogen.

Mo ti wo máàpù àti fídíò títí. Omi ni gbogbo wọn ń yà, kò sẹ́ni tó ya ilẹ̀ téèyàn ń tẹ̀. Òtẹ́ẹ̀lì tí mo kọ̀wé sí ní ó dọwọ́ agbára oníkálukú.

Ẹni tó bá ti rìn ín rí: tá a bá wọlé láti ibùdókọ̀ yẹn, ṣé àtẹ̀gùn tàbí gbòǹgbò igi wà lọ́nà kó tó kan Ao-numa, àbí ó tẹ́jú tó fún ẹni tó ń fọ̀pá rìn tí orúnkún sì ń dùn?