Àbùjá iná ni ká pè é

Ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ o, ẹ̀yin ará. Ẹ̀gbọ́n tó dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀ ń wá orúkọ Yorùbá fún ṣọ́ọ̀tì ("short circuit"), ìyẹn kí iná yà kúrò lọ́nà rẹ̀, tó ń jó fíúsì ọkọ̀ (nǹkan kékeré tó ń já kí wáyà má bàa jó), ó ní ká máa pè é ní "iná kúkúrú", àbúrò kan sì fèsì pé rárá o, "iná jíjá" ló yẹ. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi náà, torí orúkọ tí ò bá ojú iṣẹ́ mu ti gba ọjọ́ méjì gbáko lọ́wọ́ mi rí.

Fíúsì iná ẹ̀yìn ọkọ̀ mi ló ń jó nígbà yẹn, èyí pupa yẹn, 10 ámúpù (ámúpù la fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó), bí mo bá ti ki tuntun bọ̀ ọ́ tí mo tan iná báyìí, ó ti lọ nìyẹn. Ẹni tí mo pè kó wá wò ó sọ pé wáyà ti já níbì kan, èmi náà gbà, la bá ń wá ibi tó ti já kiri, a tú ibí, a tú ọ̀hún, a ò rí nǹkan kan, torí pé wáyà kankan ò já! Tí wáyà bá já, iná ò ní ráyè kọjá rárá, gílóòbù ò ní tàn, fíúsì á sì wà níbẹ̀ láìfarapa. Ohun tó ń ṣe ọkọ̀ mi yàtọ̀ pátápátá síyẹn. Àbúrò mi, ìdí tí mi ò fi lè gba "iná jíjá" nìyẹn. Òótọ́ ni pé irin tín-ín-rín inú fíúsì máa ń yọ́ tó sì máa ń já, àmọ́ àmì lèyí, ohun tó fà á là ń wá orúkọ fún.

Ẹ wò ó báyìí. Iná ọkọ̀ ní àlọ, ó ní àbọ̀. Ó gba inú wáyà lọ láti orí bátìrì, ó gba inú fíúsì, ó dé ọ̀dọ̀ gílóòbù, ó jíṣẹ́ tí a rán an, ó wá gba ara bọ́dì ọkọ̀ padà sórí bátìrì. (Ìdí nìyí tí mi ò fi fẹ́ ká máa pe ọ̀nà àbọ̀ yìí ní "ilẹ̀", bí Òyìnbó ṣe ń pè é ní "earth", torí táyà rọ́bà ni ọkọ̀ dúró lé, iná yẹn ò dé ilẹ̀ níbì kankan, irin bọ́dì ló gbà bọ̀. "Àbọ̀" ti tó o.) Wàyí o, rọ́bà ara wáyà bó níbi híńjì ilẹ̀kùn búùtù, torí pé ojoojúmọ́ là ń ṣí i tí à ń pa á dé, irin wáyà wá lọ kan bọ́dì. Iná ò tún dé ọ̀dọ̀ gílóòbù mọ́, ó ya síbẹ̀, ó bọ̀ láìjíṣẹ́. Kí la ń pe ọ̀nà tó ń gé ìrìn kúrú báyẹn? Àbùjá ni! Àwọn bàbá wa ti ní in nílẹ̀ tipẹ́, kí la wá fẹ́ fi "iná kúkúrú" ṣe, èyí tí ẹni tó bá gbọ́ ọ á rò pé iná ò tó ni, bẹ́ẹ̀ iná tó pọ̀ ju agbára wáyà lọ ni wàhálà ibẹ̀. Gílóòbù 21 wáàtì lórí bátìrì 12 fóòtì (volt) ń gba bí 1.75 ámúpù péré. Tí iná bá gba àbùjá, tí ìdènà inú wáyà yẹn ("resistance", ohm la fi ń wọ̀n ọ́n) ò ju 0.1 ohm, fi 0.1 pín 12, 120 ámúpù nìyẹn, fíúsì 10 wo ló fẹ́ dúró dè é?

Ẹnì kan ní ohun rere ni àbùjá, pé inú èèyàn máa ń dùn tó bá rí i gbà. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ ti ẹni tó ń rìn fúnra rẹ̀ nìyẹn. Ẹni tí a rán níṣẹ́ tó wá bù já kó tó débẹ̀ ńkọ́, ṣé ó ṣe dáadáa ni?

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn orúkọ yìí jù ni pé ó ń kọ́ èèyàn bí wọ́n ṣe ń wá a. Tó bá jẹ́ àbùjá là ń wá, a ó yọ fíúsì tó jó, a ó fi gílóòbù 21 wáàtì yẹn sí àyè rẹ̀, a ó yọ gbogbo gílóòbù ẹ̀yìn kúrò. Kò sí ẹni tó ń gba iná mọ́, síbẹ̀ tí gílóòbù ìdánwò yẹn bá ń tàn yòò, iná ti rí àbùjá nìyẹn, ká wá máa mi ìdì wáyà díẹ̀díẹ̀ títí tó fi máa kú, ibi tí ọwọ́ wa wà nígbà tó kú náà ni. Bí mo ṣe rí tèmi nìyẹn, kò gba ogún ìṣẹ́jú. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má torí pé ó ń jó ẹ ki fíúsì 30 bọ ibi tí 10 wà o, wáyà fúnra ẹ̀ ló máa jó.

Mi ò fẹ́ ká kó gbogbo fíúsì tó bá jó sábẹ́ àbùjá ṣá. Mọ́tò waípà tó ti le, tó ń fa iná ju ti tẹ́lẹ̀, máa ń jẹ́ kí fíúsì jó lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ìyẹn "àpọ̀jù ẹrù". Àbùjá gidi, ojú ẹsẹ̀ ló ń jó o.

Ó ku èyí tó máa ń lọ tó máa ń bọ̀, tó jẹ́ pé tí ọkọ̀ bá kó sí kòtò nìkan ni wáyà ń kan bọ́dì. Wọ́n ní ká pè é ní "àbùjá àbíkú". Ó dùn létí, àmọ́ fíúsì ló ń kú tí a tún ń fi òmíràn rọ́pò níbẹ̀, àbùjá yẹn ò kú rí, ó kàn sá pamọ́ ni. "Àbùjá afarapamọ́" ni mo rò pé ó sún mọ́ ọn jù, ẹ̀gbọ́n, kí lẹ rí sí i?