Pátákó oníná ni, kì í ṣe "àtàn-ìpolówó"

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà àti ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Mi ò fẹ́ dá sọ́rọ̀ yìí tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti ń ká mi lára láti ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n wa kan ló kọ̀wé pé ká yéé pe sáìnbọ́ọ̀dù tó ń tanná níwájú ṣọ́ọ̀bù ní láìtì bọ́ọ̀kìsì, pé òun ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ fún un, "àtàn-ìpolówó" ló ń jẹ́, pé bí a ṣe ní àdìrẹ náà ni, ẹ ṣáà ti fi à- síwájú ọ̀rọ̀-ìṣe, ó parí. Ọ̀pọ̀ yín ti kí wọn kú iṣẹ́. Èmi ò lè kí wọn, ẹ má bínú sí mi.

Ẹ kọ́kọ́ pè é sókè ná. Àtàn. Kí lẹ gbọ́? Ààtàn lèmi gbọ́, ibi tí wọ́n ń da pàǹtí sí. Ẹ̀gbọ́n ní fáwẹ̀lì kan ló wà níwájú tòun, pé méjì ló wà níwájú ààtàn. Òótọ́ ni, lórí ìwé. Lẹ́nu ńkọ́? Ta ló ń ka fáwẹ̀lì nígbà tó bá ń júwe ọ̀nà fún oníbàárà lórí fóònù? Àbúrò mi obìnrin tó fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù aṣọ ní Bàríga, ṣé kó máa sọ fáwọn èèyàn pé tẹ́ ẹ bá ti rí àtàn mi lápá ọ̀tún kẹ́ ẹ yà? Ọmọ ọlọ́mọ á lọ yà síbi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí.

Ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ló dùn mí jù. Gírámà ẹ̀ ló dùn mí. Ohun tí wọ́n bá ṣe nǹkan sí là ń fi à- sọ lórúkọ báyẹn, aṣọ tí wọ́n dì tí wọ́n sì rẹ ni àdìrẹ. Ta ló wá tan pátákó? Iná là ń tàn. Àtùpà là ń tàn. Pátákó kì í ṣe ohun tí à ń tàn, ilé tí iná ń gbé ni. Tẹ́ ẹ bá sì yọ iná àti àtùpà kúrò, ohun tó kù tí tàn lè gbà ní àbọ̀, ìyẹn ohun tí ọ̀rọ̀-ìṣe ń ṣe nǹkan sí, ni èèyàn, ìyẹn tàn ti ẹ̀tàn, wọ́n tàn án, ó gbà, ó kó owó fún wọn. Ṣé ohun tí oníṣòwò máa gbé kọ́ síwájú ilé ẹ̀ nìyẹn?

Ẹ tún wo ohùn. Gbogbo wa la mọ̀ pé ọ̀rọ̀-ìṣe olóhùn ìsàlẹ̀ á bọ́ sí ohùn àárín tí ọ̀rọ̀-orúkọ bá tẹ̀ lé e gẹ́gẹ́ bí àbọ̀. Ọjà là ń tà, ṣùgbọ́n à ń ta ọjà. Aṣọ la rà, ṣùgbọ́n a ra aṣọ. Iná là ń tàn, à ń tan iná. Tó bá jẹ́ pé ìpolówó ni àbọ̀ nínú ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ṣẹ̀dá, "àtan" ló yẹ kí wọ́n kọ, kì í ṣe "àtàn". Tí wọ́n bá sì ní kì í ṣe àbọ̀, pé ẹ̀yán ló jẹ́, ọ̀rọ̀ tó kàn ń ṣàlàyé ọ̀rọ̀-orúkọ, a jẹ́ pé àtàn ń dá dúró gẹ́gẹ́ bí ọ̀rọ̀-orúkọ nìyẹn, a tún ti padà sórí ààtàn. Kò síbi tí wọ́n máa gbà yọ. Wọ́n ní àwọn ti ń kọ́ni ní Yorùbá kí n tó dáyé, mo sì bọ̀wọ̀ fún ìyẹn gidi gan-an, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ò ní sọ ohùn ìsàlẹ̀ di ohùn àárín.

Ìyá mi àgbà tó bí màmá mi ta ẹ̀kọ lọ́jà alẹ́ n'Íbàdàn fún ọ̀pọ̀ ọdún. Àtùpà elépo kan báyìí ló máa ń wà lórí igbá wọn, èyí tí wọ́n fi agolo ṣe, òwú á yọ lórí. Wọn ò kàwé rárá o. Tí ilẹ̀ bá ti ń ṣú wọ́n á ní "ẹ tanná sọ́jà yìí o, kí wọ́n lè rójú ẹ̀", tó bá di àárín òru, tí òwú ń kú lọ, wọ́n á ní "iná yìí ò tàn mọ́, ẹ fà á sókè díẹ̀". Tan níbi kan, tàn níbi kejì, wọn ò ṣì í rí. Iná náà ló ń ṣiṣẹ́ méjèèjì lẹ́nu wọn, wọ́n ń tàn án, òun náà sì ń tàn. Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n sọ pé wọ́n tan igbá.

Nítorí náà, pátákó oníná. Ohun tí mo fara mọ́ nìyẹn, mi ò sì ṣẹ̀dá ẹ̀, àwọn èèyàn ti ń sọ ọ́. Oní pẹ̀lú iná, bí onílé, n ò ní di l nítorí i ló wà níwájú iná. Ẹnì kan níbí ní iná lè jẹ́ iná tó ń jó, pé pátákó oníná á dà bí èyí tó ń jóná lọ́wọ́. Ẹ̀yin, tí àwọn ọmọ àdúgbò bá pariwo "iná ti dé!", ṣé omi lẹ ń gbé sáré jáde ni àbí fóònù lẹ ń wá ibi tẹ́ ẹ máa kì bọ̀?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹnu lásán fún mi, torí èmi ni mo bá àbúrò mi lọ sọ́dọ̀ oníṣẹ́ ní Ṣómólú, níbi táwọn onítẹ̀wé pọ̀ sí. Ibẹ̀ ni mo ti rí i pé ó yẹ kí ọ̀rọ̀ ju ẹyọ kan lọ. Oríṣi kan wà tó jẹ́ àpótí, ojú ẹ̀ jẹ́ flẹ́ẹ̀sì tàbí perspex, ìyẹn ike líle tó dà bíi gíláàsì, iná LED, àwọn gílóòbù kéékèèké yẹn, wà nínú ẹ̀, odindi ojú ẹ̀ ló ń mọ́lẹ̀. Òun ló rọ̀ jù lówó. Òmíràn jẹ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n gé tí wọ́n ki iná sínú ẹ̀, tàbí kí iná máa ti ẹ̀yìn lẹ́tà yọ sára ògiri. Gbogbo ìwọ̀nyí ló ní iná tiwọn, oníná ni wọ́n. Ṣùgbọ́n èyí tó jẹ́ pátákó lásán tí wọ́n wá gbé iná gbọọrọ sókè kó máa kọjú sí i, ìyẹn kì í ṣe oníná, ẹlòmíràn ló ń tanná sí i. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lo à- yín, ibẹ̀ ni ààyè ẹ̀ wà, pátákó àtannásí. Iná ni àbọ̀ níbẹ̀, ohùn wà níbi tó yẹ. Mo fi tọkàntọkàn fún ẹ̀gbọ́n nìyẹn.

Ẹni tó sì ń pe gbogbo wọn ní neon, ẹ jọ̀ọ́ ẹ gbà mí. Neon ni afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń sé mọ́nú túùbù onígíláàsì, ará Faransé tó ń jẹ́ Georges Claude ló gbé e síta fáwọn èèyàn wò ní Paris lọ́dún 1910, àwọ̀ pupa rúsúrúsú ló ń yọ. Èyí tí wọ́n ń tẹ̀ kọ́lọkọ̀lọ tí wọ́n ń tà kiri báyìí, LED nínú rọ́bà ni.

Orúkọ ṣọ́ọ̀bù àbúrò mi ni Ẹ̀YẸ. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ló fẹ́, kí iná wà nínú wọn. Oníṣẹ́ ní kó jẹ́ kóun yọ àmì orí àti ti abẹ́ lẹ́tà kúrò, pé kò sẹ́ni tó ń fi í sí i. Mo ní rárá. Tẹ́ ẹ bá yọ ọ́, ẹni tó gbọ́ gẹ̀ẹ́sì á kà á sí ojú, á máa béèrè awò. Oníṣẹ́ ò bá wa jà, ó kàn fi nǹkan hàn mí tí mi ò mọ̀ rí. Tẹ́èpù LED tí wọ́n ń ki sínú lẹ́tà, olójú ọgọ́ta ni ní mítà kan, gílóòbù kékeré kan ni ojú kan, ojú mẹ́ta-mẹ́ta ni wọ́n ń gé e, tó o bá gé e kúrú jù bẹ́ẹ̀ kò ní tàn, ojú mẹ́ta náà sì jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5. Nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí àmì ìsàlẹ̀ Ẹ, èyí tó wà lábẹ́ lẹ́tà, tanná, kò lè kéré ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ, lẹ́tà náà sì gbọ́dọ̀ tóbi tó èyí tí àmì bẹ́ẹ̀ ò ní borí ẹ̀. Bá a ṣe bọ́ sórí lẹ́tà tó ga tó sẹ̀ǹtímítà 40 nìyẹn. Àmì ìsàlẹ̀ méjì, àmì ohùn kan lókè, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní wáyà tiẹ̀ látẹ̀yìn. Owó lé, àbúrò mi fajú ro, mo san ìyẹn fún un látàpò mi. Ẹ má gbàgbé pé l'Ékòó ẹ gbọ́dọ̀ gbàṣẹ lọ́dọ̀ LASAA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó pátákó ìpolówó, kẹ́ ẹ tó gbé e kọ́, wọ́n sì máa wo bó ṣe tóbi tó.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n gbé e kọ́, a jáde sí títì láti wò ó. Ó mọ́ roro. Ọmọkùnrin kékeré kan tó ru búrẹ́dì dúró, ó kà á sókè ketekete: "Ẹyẹ." Ẹyẹ ojú ọ̀run. Mo ti fẹ́ tún un ṣe fún un kí n tó gbójú sókè. Àmì ohùn orí Ẹ àkọ́kọ́ ò tàn. Àwọn àmì ìsàlẹ̀ ń tàn, lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń tàn, ìlà kékeré yẹn nìkan ló dúdú, ohun tó wà níwájú ọmọ yẹn gan-an ló kà. A pe oníṣẹ́, ó ní ilẹ̀ ti ṣú, ó di ọ̀la. Àbúrò mi ní àfi kó padà wá. Wáyà tó gun òkè lọ síbi àmì ló ti já, ó gun àkàbà, ó so ó pọ̀, nǹkan bí aago mẹ́sàn-án ló tàn.