Ọmọ mi ọmọ ọdún 12 ń bá àjèjì sọ̀rọ̀ lórí Instagram: ṣé kí n gba fóònù náà ni?

Ìyá Bùkọ́lá, Ṣùúrùlérè

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin òbí ẹlẹgbẹ́ mi. Mo fún ọmọbìnrin mi ní fóònù mi àtijọ́ nítorí pé òun nìkan ló máa ń wọ ọkọ̀ bọ̀ láti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Yaba, èmi kì í sì í tètè kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní Ìsàlẹ̀ Èkó. Lálẹ́ ọjọ́ Àìkú, bí mo ṣe ń bá a fi fóònù náà sẹ́nu iná, ọ̀rọ̀ kan yọ lójú rẹ̀: "Má jẹ́ kí mọ́mì rẹ rí i o. Jẹ́ ká lọ máa sọ ọ́ lórí WhatsApp." Ẹni tó kọ ọ́ ní ọmọbìnrin ọdún 13 lòun, ṣùgbọ́n àwòrán mẹ́ta péré ló wà lójú òpó rẹ̀, ó sì ti ń béèrè aago tí ọmọ mi máa ń délé àti ẹni tó máa ń wà nílé. N kò tíì sọ ohunkóhun fún ọmọ náà. Bàbá rẹ̀ ní kí n gba fóònù náà, kí n sì nà án. Ẹ jọ̀wọ́, kí ni kí n ṣe?

Bàbá Ìbejì, Mushin

Ẹ gbà á, mà. Facebook, Instagram àti TikTok fúnra wọn ló sọ pé ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 13 kò gbọdọ̀ ní ojú òpó lọ́dọ̀ àwọn. Bí ọmọ ọdún 12 bá ti wà níbẹ̀, ó ti purọ́ ọjọ́ orí nìyẹn. Ní Australia, òfin tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 2025 tilẹ̀ gbé e dé ọdún 16. Fóònù oníbọ́tìnnì, tí kò lè ṣe ju ká pè é kó gbé e lọ, tó fún ọmọ tó ń wọ ọkọ̀.

Tíṣà Àgbà, Èbúté Mẹ́ta

Bàbá Ìbejì, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n irọ́ ọjọ́ orí tí ẹ mẹ́nu bà yẹn gan-an ló yẹ ká dúró lé lórí díẹ̀. TikTok kì í jẹ́ kí ẹni tí kò tíì pé ọdún 16 gba lẹ́tà ìkọ̀kọ̀ rárá. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024 ni Instagram náà ti ń ti ojú òpó àwọn ọ̀dọ́ mọ́ àjèjì, ọmọ tí kò sì tíì pé ọdún 16 kò lè ṣí i láìjẹ́ pé òbí rẹ̀ fọwọ́ sí i. Bí ọmọ bá kọ ọ́ pé ọmọ ogún ọdún lòun, gbogbo odi wọ̀nyí ti wó, nítorí pé àgbàlagbà ni wọ́n ń pè é. Ọdún ìbí tó wà níbẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò, Ìyá Bùkọ́lá.

Ní ti nínà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì gbé ọwọ́ sókè. Ẹ tún ọ̀rọ̀ ẹni yẹn kà: "Má jẹ́ kí mọ́mì rẹ rí i." Ẹ̀rù yín ló fi ń ṣòwò. Irú wọn a máa tọrọ àwòrán. Bó bá ti tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́, wọn á ní àwọn yóò fi í ránṣẹ́ sí òbí àti gbogbo kíláàsì bí ọmọ kò bá fi òmíràn kún un tàbí kó wá owó, ọmọ tó bá sì mọ̀ pé pàṣán ló ń dúró de òun nílé yóò máa san án. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2024, ilé ẹjọ́ kan ní Michigan, ní Amẹ́ríkà, sọ ọmọ ìyá méjì tí wọ́n mú láti Èkó wa níbí sẹ́wọ̀n ọdún 17 àti ààbọ̀ ẹnì kọ̀ọ̀kan, nítorí pé wọ́n ṣe bí ọmọbìnrin lórí Instagram, wọ́n sì ń fi àwòrán ìhòòhò gba owó lọ́wọ́ àwọn ọmọkùnrin. Láàárín wákàtí mélòó kan, ọmọ ọdún 17 kan nínú wọn gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ yìí kò yọ ọmọkùnrin sílẹ̀.

Ẹ má pa ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn rẹ́. Ẹ ya àwòrán ojú fóònù náà kí orúkọ tí ẹni náà ń lò hàn, kí ẹ tó blọ́ọ̀kì rẹ̀, ẹ má sì dáhùn bí ẹni pé ẹ̀yin ni ọmọ. Òfin orílẹ̀-èdè yìí lórí ọ̀ràn orí ayélujára, ti ọdún 2015, sọ ọ́ di ẹ̀ṣẹ̀ kí ẹnikẹ́ni máa tan ọmọdé láti wá pàdé òun fún ìbálòpọ̀, àjọ DSVA ti Ìpínlẹ̀ Èkó, tó ń rí sí ọ̀ràn ìwà ipá inú ilé àti ìfipá-báni-lòpọ̀, sì máa ń gba irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀. Bí àwòrán ìhòòhò bá ti jáde lọ́wọ́ rẹ̀, iṣẹ́ ọ̀fẹ́ kan wà tó ń jẹ́ Take It Down: àwòrán náà kò ní kúrò lórí fóònù ọmọ, àmì ìdánimọ̀ rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń mú, tí Facebook, Instagram àti TikTok yóò fi lè dá a mọ̀ kí wọ́n sì yọ ọ́.

Oníṣẹ́ Fóònù, Ìkẹjà

Mo kí yín, ẹ̀yin àgbà. Áàpù Google tó ń jẹ́ Family Link kò ní jẹ́ kí ọmọ gbé áàpù tuntun sórí fóònù rẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ fọwọ́ sí i lórí tiyín, ṣùgbọ́n kò lè ka lẹ́tà fún yín. Ohun tó ń dà mí láàmú ni bí ẹni yẹn ṣe mọ ọmọ yín. Ojú òpó òbí ni wọ́n sábà máa ń lọ ṣà á jọ. Ẹ má bínú sí mi, mà: àwa Yorùbá, orúkọ ọmọ la fi ń pe ìyá, nítorí náà, orúkọ tí ẹ fi kọ̀wé síbí ti sọ orúkọ ọmọ náà fún gbogbo wa, ẹ sì tún fi Ṣùúrùlérè àti Yaba kún un.

Ìyá Ọlọ́mọ

Èmi tí mo béèrè ni mo tún dé. Ẹ ó rí i pé mo ti pààrọ̀ orúkọ. Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́rú, bí a ṣe jọ ń ṣa ẹ̀wà, mo kọ́kọ́ sọ fún un pé n kò ní nà án. Ó wò mí bí ẹni tí kò gbà mí gbọ́, ó tún ṣa bí ẹ̀kúnwọ́ méjì kó tó lanu. Kò tíì fi àwòrán kankan ránṣẹ́, mo dúpẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló bá a ṣí ojú òpó náà, 2003 ni wọ́n sì kọ sí ọdún ìbí. Àwòrán ọjọ́ ìbí tí èmi fúnra mi gbé sórí Facebook ni ẹni yẹn fi mọ̀ ọ́n: aṣọ ilé ẹ̀kọ́ ló wọ̀, báàjì àyà rẹ̀ hàn kedere, mo sì kọ orúkọ rẹ̀ pé pérépéré sábẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú àdúrà gígùn. Ẹni náà wà lára àwọn tó ṣe àmín.

Bàbá rẹ̀ ṣì ní fóònù oníbọ́tìnnì lòun yóò rà, ó sì lè jàre. Nígbà tí mo ń yọ àwòrán náà, ọmọ ní, "Mọ́mì, ẹ ò tiẹ̀ bi mí kí ẹ tó gbé e síbẹ̀." Àwòrán rẹ̀ tó ṣì kù lójú òpó mi lé ní 60, òun ló ń sọ èyí tí màá yọ.