Ẹ gbà mí o, alkalinity táǹkì iyùn mi ò dúró sójú kan

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀ nípa ẹja òkun. London ni mò ń gbé, mo ní táǹkì omi iyọ̀ lítà 180 ní pálọ̀, clownfish méjì àti iyùn díẹ̀ ló wà nínú ẹ̀, iyùn tó ń mí o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń so mọ́rùn. Láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, mo máa gbé alkalinity (agbára omi láti má jẹ́ kí ásíìdì borí ẹ̀, dKH ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n) dé 8.5 dKH lálẹ́, kílẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú ó ti di 7, mo tún da báfà, ìyẹn èròjà tó ń gbé alkalinity sókè, sí i, ló bá tún já wálẹ̀, calcium náà ti kúrò ní 420 ppm ó ti bọ́ sí 360, bẹ́ẹ̀ àwọn iyùn yẹn ò dàgbà rárá, acropora gan-an, irú iyùn ẹlẹ́ka kan, ti ń funfun láti ìdí. Nǹkan funfun bí ẹfun wá bo hítà àti pọ́ǹpù, mo há a kúrò, ó tún padà. Omi ẹ̀rọ kọ́ ni mò ń lò o, RO/DI ni, ìyẹn omi tí wọ́n ti sẹ́ mọ́ pátápátá, salinity (iye iyọ̀ inú omi) 35 ppt, nitrate (èyí tó ń wá látinú ìgbẹ́ ẹja) 5 ppm.

Àná ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọn magnesium, 1,080 ppm ló gbé jáde! Ó sì yẹ kó tó 1,300. Ṣé òun ló ń jẹ́ kí calcium máa dì mọ́ hítà dípò kó wà nínú omi? Ṣé kí n gbé e sókè díẹ̀díẹ̀, àbí kí n kàn pààrọ̀ omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan? Báfà ńkọ́, kí n dá a dúró ná? Ìyàwó mi ti ní òun máa fi clownfish yẹn se ọbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ tètè dá mi lóhùn.