Fláàṣì wo lẹ fi ń gbọ́ orin lórí streamer? Ẹ wá sọ ohun tójú yín rí

Onígòjé

Ẹ̀yin ará, ẹ kú ìgbádùn. Mo rí i pé àwọn kan ń náwó nára lórí fláàṣì tí wọ́n ń tì bọ streamer, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń kọ orin látorí fláàṣì tàbí íntánẹ́ẹ̀tì, torí wọ́n ní èyí tó wọ́n máa ń jẹ́ kí orin dùn ju olówó pọ́ọ́kú lọ. Etí tèmi ò gbọ́ ìyàtọ̀ kankan rí. Ṣùgbọ́n ojú mi ti rí màbo lọ́wọ́ fláàṣì láwọn ọ̀nà tí kò kan ohùn rárá, mo sì fẹ́ gbọ́ tiyín.

Ẹ jẹ́ kí n ṣáájú. Gbogbo àwo orin mi ni mo ti sọ di FLAC, ìyẹn irú fáìlì orin tó ń dín ààyè kù láìba ohùn jẹ́, mo wá kó wọn sórí fláàṣì 128 GB tuntun kan. Ó ń ṣí geere lórí kọ̀ǹpútà. Mo tì í bọ ẹ̀yìn streamer, iná kékeré tó wà lára fláàṣì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú, mo ní ó ti bọ́ sí i. Ojú ẹ̀rọ ní kò sí orin kankan níbẹ̀. Mo yọ ọ́, mo dá a padà, ọ̀rọ̀ ò yí. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá ló là mí lójú: nínú àwọn ọ̀nà tí wọ́n ń gbà to fáìlì sórí fláàṣì, FAT32 àti NTFS nìkan ló lè kà, exFAT ni fláàṣì mi sì jẹ́ láti ilé iṣẹ́ tó ti wá. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ fláàṣì tó ju 32 GB lọ ṣe máa ń rí.

Ọdún 2006 ni Microsoft gbé exFAT jáde, ṣùgbọ́n ó di 2019 kí wọ́n tó ṣí ìlànà rẹ̀ sílẹ̀ fáyé rí, ọdún yẹn náà sì ni Linux 5.4, ètò tó ń darí ẹ̀rọ bíi ti Windows, gbà á wọlé. Linux ló ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ streamer. Èyí tó bá ti dàgbà ju ìyẹn lọ, ó ṣeé ṣe kó má mọ exFAT rí.

Mo bá sọ fláàṣì náà di FAT32. (Ohun tó wà lórí rẹ̀ máa pa rẹ́ pátápátá o, ẹ rí i pé ẹ̀dà wà níbòmíràn.) Windows tèmi ò gbà láti ṣe FAT32 tó ju 32 GB lọ, áàpù ọ̀fẹ́ kan ló bá mi ṣe é. Látìgbà yẹn, orin ń lọ. Ohun tí FAT32 ò fẹ́ ni fáìlì kan tó tóbi tó 4 GB. Orin FLAC kọ̀ọ̀kan ò lè súnmọ́ ibẹ̀, àfi tẹ́ ẹ bá ní odindi eré orí ìtàgé tí wọ́n ká sínú WAV 24-bit/192 kHz (irú fáìlì tí wọn ò fún pọ̀, tó ń gba ààyè gan-an) láìgé e. Ìyẹn á kọjá 4 GB kó tó ju wákàtí kan àtààbọ̀ lọ.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n Onígòjé, ẹ ṣé. Mac ló fi tèmi ṣeré. Mo kó orin sórí fláàṣì, mo jókòó jẹ́ẹ́ kí n gbádùn, gbogbo orin bá ń jáde ní méjì-méjì lójú ẹ̀rọ. Ẹ má fi orúkọ mi ṣẹ̀fẹ̀ o. Ọ̀kan á kọrin, èkejì á yadi, ẹ̀rọ á dúró díẹ̀ kó tó fò ó kọjá. Mo wò ó lórí kọ̀ǹpútà míì, mo rí i pé "._" ni orúkọ gbogbo àwọn tó yadi fi bẹ̀rẹ̀. Mac ló máa ń kọ wọ́n sórí FAT32 àti exFAT fún àkọsílẹ̀ ti ara rẹ̀, kì í sì í jẹ́ kéèyàn rí wọn. Ní báyìí, tí mo bá ti kó orin tán, màá ṣí Terminal (ibi tí wọ́n ti ń kọ àṣẹ fún Mac), màá kọ dot_clean -m tó ń pa wọ́n rẹ́, màá fa àwòrán fláàṣì náà sínú rẹ̀, màá tẹ Enter. Ariwo tán.

Elétígbáròyé

Ẹ ò tíì rí nǹkan kan.

Ẹ̀bùn ni wọ́n fi fláàṣì tèmi ṣe fún mi, wọ́n kọ 512 GB gàdàgbà sí i lára. Mo kó orin sí i láti orí olórin àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, kọ̀ǹpútà ní gbogbo rẹ̀ ti wọlé, kò ráhùn. Àwọn olórin tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, B, D ń kọrin bó ṣe yẹ. Nígbà tó yá, mo ṣí fódà kan láàárín, mo tẹ orin àkọ́kọ́: orúkọ rẹ̀ jáde, àkókò rẹ̀ dúró sí 0:00, ó ṣe wẹ́rẹ́, ó fò sí èkejì. Èkejì náà fò. Bẹ́ẹ̀ ni odindi àwo kan ṣe tán lójú mi láìdún. Àwọn fódà tó tẹ̀ lé e burú jùyẹn lọ. Òmíràn ṣófo, òmíràn kún fún orúkọ wúruwùru tí ẹnikẹ́ni ò lè kà.

Mo kọ́kọ́ rò pé streamer ló ń ṣàìsàn. Mo fi áàpù kan tó ń jẹ́ H2testw yẹ fláàṣì náà wò lórí Windows (f3 ni ẹni tó ń lo Mac tàbí Linux máa lò). Ó máa ń kọ nǹkan kún fláàṣì dẹ́nu, á wá kà á padà bóyá ohun tó kọ náà ló bá. Kò yá rárá, mo tàn án sílẹ̀ mo lọ sùn. Ibi tó jẹ́ òótọ́ lára 512 GB yẹn ò ju bíi 32 GB lọ. Nǹkan kékeré kan wà nínú fláàṣì tó ń sọ fún kọ̀ǹpútà bí ààyè ṣe pọ̀ tó. Irọ́ ni wọ́n kọ́ tèmi láti máa pa. Ohun tí ẹ bá kó kọjá ààyè tó wà ní tòótọ́, afẹ́fẹ́ ló gbà á.

Ẹ má wá lọ bá ẹni tó ta 64 GB fún yín jà torí kọ̀ǹpútà ní 59.6 o. Ìyẹn kì í ṣe jìbìtì, bí àwọn tó ṣe é ṣe ń ka GB yàtọ̀ sí bí Windows ṣe ń kà á ni.

Àgbà Agídìgbo

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ní fláàṣì ò ní ohùn. Èmi gbọ́ ohun tí mo gbọ́. Tí mo bá ti ki fláàṣì USB 3.0 mi bọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ, rédíò orí íntánẹ́ẹ̀tì á bẹ̀rẹ̀ sí í já pátì pátì. Tí mo bá yọ ọ́, ara rẹ̀ á balẹ̀. Ẹ wá túmọ̀ ìyẹn fún mi.

Ọmọ Onílù

Bàbá, òótọ́ lẹ sọ, ṣùgbọ́n Wi-Fi lọ̀rọ̀ náà kàn. Intel kọ ọ́ síta lọ́dún 2012 pé USB 3.0 máa ń tú ariwo rédíò tí etí ò gbọ́ jáde tó ń bọ́ sí 2.4 GHz, orí 2.4 GHz yẹn sì ni ọ̀pọ̀ Wi-Fi ń gbà. Bí fláàṣì bá fara ti ẹríàlì streamer, ó di wàhálà. Ẹ fi wáyà USB kúkúrú kan sáàárín kó jìnnà díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ gbé Wi-Fi lọ sórí 5 GHz.

Ní ti ohùn, èmi dán an wò. Fáìlì FLAC máa ń gbé àmì MD5 ohùn inú rẹ̀ dání (nọ́ńbà tí wọ́n ṣírò látinú ohùn náà), ẹni tó bá tẹ àṣẹ flac -t lórí kọ̀ǹpútà yóò mọ̀ bóyá ohùn náà ṣì pé. Mo kó àwo kan náà sórí fláàṣì olówó iyebíye àti sórí ọ̀kan tí wọ́n fi ta mí lọ́rẹ níbi ìpàdé kan, tó tiẹ̀ ní orúkọ ilé iṣẹ́ lára. Àwọn méjèèjì pé, ẹyọ kan ò yẹ̀. Yíyára ńkọ́? Orin CD ò ju 1,411 kbps lọ (kílóbíìtì láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan; ẹgbẹ̀rún rẹ̀ ni Mbps kan), 24-bit/192 kHz jẹ́ 9,216 kbps, ìyẹn ò sì tó 10 Mbps. USB 2.0 àtijọ́ lè gbé 480 Mbps. Ìgbà tẹ́ ẹ bá ń kó orin kúrò lórí kọ̀ǹpútà nìkan lẹ máa mọ̀ pé USB 3.0 yá.

Àgbà Agídìgbo

Mo ti fi wáyà sí i, rédíò ò já mọ́, o ṣé, ọmọ mi. Àmọ́ báàsì fláàṣì dúdú yẹn ṣì nípọn ju ti funfun lọ létí mi. Ẹ fi mí sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n Onígòjé, èwo lẹ wá ń lò báyìí? Ṣé kí n kúkú ra èyí tó tóbi jù lọ?

Onígòjé

Rárá, ìyá wa. 128 GB méjì ni mo ń lò, FAT32 làwọn méjèèjì. Streamer tèmi máa ń ka gbogbo orin láti ìbẹ̀rẹ̀ nígbàkígbà tí mo bá tàn án, fláàṣì ńlá tó kún sì máa ń jẹ́ kí n jókòó tì í pẹ́. Ẹ wo àwọn àwòrán ẹ̀yìn àwo náà: tí wọ́n bá tóbi jù nínú fáìlì, wọ́n á tún fà á sẹ́yìn sí i. Ẹ fi 01, 02, 03 síwájú orúkọ orin kọ̀ọ̀kan, torí àwọn ẹ̀rọ kan ń tẹ̀ lé bẹ́ ẹ ṣe kó wọn síbẹ̀, wọn ò ka ti ABD sí. Ní ti ìrísí, mi ò ra èyí tó kéré bí èékánná mọ́. Ó máa ń gbóná, yíyọ rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀rọ sì ń fẹ́ ọwọ́ ọmọdé.